Bí Owó Kò Tó, Bí Olùkọ́ Kò Pọ̀, Àdéhùn Ló Kù

Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan máa ń rò pé agbára ti dé ọwọ́ òun. Ọkọ̀ wà níwájú ọ́fíìsì, orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń dìde kí i. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ohun tó wà níkàáwọ́ òun kò tó ohun tí àwọn èèyàn rò. Kì í ṣe òun ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́. SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ló ń gbà wọ́n. Kì í ṣe òun ló ń san owó oṣù wọn. Inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fojú kàn án. Kì í ṣe òun ló ń kọ́ kíláàsì tuntun. Owó UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, àti èyí tí ìpínlẹ̀ bá fi kún un ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, kọngílá tí kò mọ̀ rí ló sì ń kó yanrìn dé. Ohun tó kù fún un kò ju mẹ́rin lọ: ìwé tó fi ń gbé olùkọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, àbẹ̀wò, àtẹ àkókò iṣẹ́, àti ẹnu tó fi ń bá ìlú sọ̀rọ̀.

Mo ti ṣe tíṣà kíláàsì, mo ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo sì ti jókòó sí ọ́fíìsì tí mò ń wí yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí bá bi mí pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń ṣe nǹkan tuntun nígbà tí kò sí owó?" ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn. Wọ́n ń retí kí n dárúkọ ẹ̀rọ kan, tàbí àjọ ilẹ̀ òkèèrè kan tó ń pín owó. Èsì mi ni pé nǹkan mẹ́rin yẹn kò lè ṣe iṣẹ́ kankan bí àwọn èèyàn kò bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gbọ́. Olórí ètò ẹ̀kọ́ tí kò ní owó, tí kò sì ní olùkọ́ tó pọ̀ tó, àdéhùn tó ń mú ṣẹ ni owó rẹ̀. Bó bá ti ná an ní ìnákúnàá, kò sí báńkì tó máa yá a ní òmíràn.

Àìtó olùkọ́ kì í ṣe ọ̀ràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní oṣù keje ọdún 1952 ni S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ. Àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 450,000 ní 1954. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 800,000. Kò sí ìjọba tó lè rí olùkọ́ tó mọṣẹ́ fún irú èrò bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Wọ́n sáré ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ Gírédì Kẹta, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Mọ́dàn sílẹ̀ fún àwọn tó ka ìwé mẹ́fà tán, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá kí wọ́n máa kọ́ni ná.

Kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún ìlú pé owó-orí yóò lé sí i nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn. Nínú ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ NCNC na Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ní agbègbè tí Action Group fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Síbẹ̀, wọn kò fà sẹ́yìn, wọn kò sì sẹ́ ohun tí wọ́n ti wí. Nígbà tí àwọn òbí wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìwé àwọn ọmọ kò jinlẹ̀ bíi ti ìgbà àtijọ́, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ìparí 1960, Banjo ni alága rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1961, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: àwọn olùkọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì.

Ohun méjì ni mo rí dì mú níbẹ̀. Wọ́n sọ iye tí nǹkan máa ná wa kí wọ́n tó ná an, wọ́n sì padà wá wo ohun tó bàjẹ́ láìdúró kí ọ̀tá wá wí i. Àwa tá a tẹ̀lé wọn fẹ́ràn ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń mú kámẹ́rà wá. Kì í yá wa lára láti padà lọ wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tó ń gbé olùkọ́ kiri, torí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbóná jù. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọmọ 35 nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kan lè pín iye ọmọ rẹ̀ sí iye olùkọ́ rẹ̀ kí ìṣirò náà sì jáde dáadáa, kó jẹ́ pé irọ́ ni. Nílé ẹ̀kọ́ tó wà létí títì, nítòsí báńkì àti ọjà, ẹ ó rí olùkọ́ méjì fún kíláàsì kan: ọ̀kan ń kọ́ni, èkejì wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń dúró de àsìkò tirẹ̀. Ẹ wá wọ inú oko lọ, kọjá odò, ẹ ó bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n pín kíláàsì mẹ́fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá lọ gba ṣọ́ọ̀kì ní ọ́fíìsì, olùkọ́ kan náà ló kù fún gbogbo wọn.

Àwọn ìdí tí wọ́n ń sọ pọ̀. Ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Owó ọkọ̀ ti wọ́n, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kò sí ilé láti sùn sí lábúlé. Ẹni ńlá kan tẹ̀ wá láago pé ọmọ àbúrò òun ni. Òótọ́ wà nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ti àwọn olùkọ́ fúnra wọn, láìsí ìwé lọ́wọ́, láìsí ohùn ọ̀gá, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo gbọ́: "Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í bọ̀ mọ́." Bí wọ́n bá ti gbé olùkọ́ lọ sí oko, ọ́fíìsì á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá tó gbé e lọ á kúrò, ọ̀gá tuntun á dé, kò sí ìwé kankan tó sọ ìgbà tí yóò padà. Èyí tó tún burú ni pé ibẹ̀ kan náà ni à ń lé ẹni tó bá ṣẹ̀ wá lọ. Bí ilé ẹ̀kọ́ oko bá ti di ẹ̀wọ̀n olùkọ́, kí la fẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ máa ro nípa ara wọn?

Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé kí a tó wá owó àfikún fún olùkọ́ abúlé, ọjọ́ ìpadà ni kí a kọ́kọ́ fún un. Ètò náà kò ṣòro láti sọ. Ṣíṣe rẹ̀ ló ṣòro. A kọ òfin ìgbélọ sílẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde níta kí gbogbo ojú lè rí i: ẹni tí yóò lọ, ọdún tí yóò lò, ohun tó lè yọ ẹni sílẹ̀. Nínú ìwé tí olùkọ́ gbà, ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí yóò wọlé àti ọjọ́ tí yóò jáde. Méjì-méjì là ń rán wọn, kí ẹnì kankan má ṣe nìkan wà. A ń lọ bá baálẹ̀ ṣáájú, kí yàrá ti wà nílẹ̀ kí olùkọ́ tó dé. Ó sì yà mí lẹ́nu bí ó ṣe yá àwọn ará oko lára láti fún wa ní yàrá nígbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ là ń wí. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbà wá gbọ́. Nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ lọ padà sí ìlú lọ́jọ́ tó wà nínú ìwé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn láti rí ẹni rọ́pò gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìpè àwọn ẹni ńlá dín kù, torí olùkọ́ tó mọ ìgbà tí òun yóò padà kò nílò alágbàwí. Àwọn kan tilẹ̀ wá fúnra wọn béèrè pé kí a jẹ́ kí àwọn lọ lo tiwọn kí ọmọ wọn tó dàgbà.

Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi olùkọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ kọjá ọjọ́ rẹ̀, gbogbo ètò náà á wó lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ tún yẹ inú ọ́fíìsì yín wò. Ẹ ó bá àwọn tó gba NCE, ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, níbi tí wọ́n ti ń gbé fáìlì láti yàrá kan dé ìkejì. Iṣẹ́ akọ̀wé kì í ṣe ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n owó olùkọ́ la fi ń san án, ọmọ kan sì jókòó síbì kan láìní olùkọ́. Àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ padà sí kíláàsì, àti pàápàá ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀gá jù lọ, kí gbogbo ayé lè rí i pé òfin kò mọ ojú.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wà pẹ̀lú. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2022 sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọmọ ọdún 65 tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì ti gbà á wọlé. Ọ̀pọ̀ ló rí òfin náà bí ọ̀nà láti máa gba owó oṣù pẹ́ sí i. Èmi rí i bí àǹfààní: ìyá olùkọ́ tó ti kọ́ ọmọ ní á-bí-dí fún ọgbọ̀n ọdún lè máa lọ yíká ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó wà nítòsí ara wọn, kó máa jókòó nínú kíláàsì àwọn ọ̀dọ́, kó máa fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀dọ́ tó mọ ìṣirò dáadáa náà lè máa lọ yíká bẹ́ẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣòfò, nítorí láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2023 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí olùkọ́ wọn lè béèrè fún ìwé ẹ̀rí láti kọ́ni lọ́hùn-ún. Tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ibòmíràn tó lè lọ. Ọ́fíìsì tí kò bá bọ̀wọ̀ fún un á máa ka àlàfo lọ́dọọdún ni.

Àtẹ àkókò iṣẹ́ ni ìkejì nínú nǹkan mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀. Pípa kíláàsì pọ̀ ti wà lóko láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n à ń tijú rẹ̀. Bí alábẹ̀wò bá dé, ọ̀gá á sáré pín àwọn ọmọ sí kíláàsì mẹ́fà kí ó lè dà bíi pé gbogbo nǹkan pé. Ìtìjú yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí ohun tí èèyàn bá ń fi pamọ́, kò lè kọ́ ọ dáadáa. Ní Kòlóńbíà, láti àárín àwọn ọdún 1970, obìnrin kan tó ń jẹ́ Vicky Colbert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú irú ilé ẹ̀kọ́ abúlé bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ètò tí wọ́n ń pè ní Escuela Nueva. Wọ́n kọ ìwé atọ́nà tí ọmọ lè fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé, àwọn ọmọ jókòó ní ẹgbẹ́ kéékèèké, àwọn tó dàgbà ń ran àwọn kékeré lọ́wọ́, olùkọ́ ń lọ láti tábìlì dé tábìlì. Ìjọba wọn gbà á, ó sì tàn kárí àwọn abúlé wọn. Ní Íńdíà, àjọ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai ní 1995, ń bi ọmọ ní ìbéèrè orí ìwé kan ṣoṣo: ṣé ó mọ álífábẹ́ẹ̀tì, ṣé ó lè ka ọ̀rọ̀, ṣé ó lè ka ìpínrọ̀, ṣé ó lè ka ìtàn? Lẹ́yìn náà, fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, ohun tí ọmọ mọ̀ ni wọ́n fi ń pín wọn, kì í ṣe ọjọ́ orí wọn.

Ohun méjèèjì ṣeé ṣe ní àgbègbè Òkè-Ògùn tàbí Ìjẹ̀ṣà láìkọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó ní kíláàsì mẹ́ta ní àtẹ tó bá kíláàsì mẹ́ta mu: apá kan ń kàwé fúnra rẹ̀, apá kan ń ṣe ìṣirò lórí síléètì, apá kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ láràárọ̀ fún ìwé kíkà, kí ọmọ ìwé karùn-ún tí kò tíì lè kàwé bá àwọn tó dà bíi tirẹ̀ jókòó láìsí yẹ̀yẹ́. Akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ló lè fọwọ́ sí i kí alábẹ̀wò má bàa fi ìyà jẹ ọ̀gá tó ń ṣe é. Ààbò yẹn ni àdéhùn tirẹ̀.

Ní Yorùbá ni kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà náà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù. Ohun tó tún wù mí nínú iṣẹ́ náà, tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, ni bí wọ́n ṣe ṣe Gẹ̀ẹ́sì: wọn kò ní kí gbogbo olùkọ́ máa kọ́ èdè tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ dénú. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ni wọ́n yàn láti máa kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú iṣẹ́ yòókù. Ẹni tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gidi kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ọ̀nà níbẹ̀: kí ó fi ìwọ̀nba tó ní síbi tí iṣẹ́ wọn yóò ti hàn.

Ó kan owó. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé iye tó dọ́gba kalẹ̀ kí ó tó gba ìpín tí wọ́n ń fi kọ́lé, tí wọ́n sì fi ń ra àga. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fi owó yìí sílẹ̀ lọ́dún púpọ̀ nítorí wọn kò gbé tiwọn kalẹ̀. Akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ kò lè pàṣẹ fún gómìnà. Ohun tó lè ṣe ni kí iye tó ń kọ ránṣẹ́ jẹ́ òótọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ yìí mọ iye ọmọ tó ń gòkè lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín nǹkan, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gba owó. Rẹ́jísítà tó bá ń parọ́ á mú kí wọ́n kọ́ kíláàsì síbi tí kò sí ọmọ, kí òjò sì máa pa àwọn tó wà níbòmíràn. Ìwé tó bá sọ òótọ́ ní agbára lọ́jọ́ tí owó bá dé, nítorí òun nìkan ni kò ṣeé jà níyàn.

Ìlú náà lè ṣèrànwọ́. Láti nǹkan bí 2005 ni ètò SBMC, ìgbìmọ̀ tí òbí, olùkọ́, ọba àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti jọ ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́, ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Níbi tó bá ti kú, ìdí kan náà ló ń pa á: owó wọlé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Mo ti rí ilé ẹ̀kọ́ tí orùlé rẹ̀ padà bọ̀ sípò torí pé ọ̀gá ibẹ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ẹnu ọ̀nà: ohun tí a gbà, ohun tí a rà, ohun tó kù. Káfíńtà tó ń kọjá lọ kà á, ó ní páànù kò lè wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó bá wọn lọ sọ́jà láti dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Òfin 2004 kan náà ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá fi lé ọmọ lọ sílé ti kúrò ní ẹ̀bùn. Lọ́jọ́ tí ọmọ aláìní bá dúró sílé nítorí owó àjọṣe, ìlú ti ra páànù, ó ti ta ọmọ.

Ní ti ẹ̀rọ, n kò bá a ṣọ̀tá. Ní 2013, Ọ̀ṣun kó ìwé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama nílò sínú ẹ̀rọ Ọpọ́n Ìmọ̀, èrò náà sì dára. Ní Èkó, ètò EKOEXCEL fi tábílẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí mo ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ni: ta ni yóò máa gba iná sí i níbi tí kò síná, ta ni yóò tún un ṣe lọ́dún kẹta, inú owó wo ni yóò sì ti jáde? Bí ìdáhùn kò bá sí nínú ìwé kí ẹ̀rọ tó dé, ìlérí tí kò ní lè ṣẹ la ń rà. Nígbà tí kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ ní 2020, rádíò, tí àwọn òbí ti ní nílé tẹ́lẹ̀, ló dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ.

Kwara fi ohun tó rọrùn ju ẹ̀rọ lọ hàn wá. Ní 2008, wọ́n dán àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Nínú àwọn tó lé ní 19,000, 75 péré ló dé ojú ìwọ̀n. Ìjọba kan lè kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n gbé e síta. Wọn kò sì lé gbogbo èèyàn dànù, torí kò sí ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ètò ESSPIN tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń náwó sí, wọ́n kọ ètò iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ìwé kíkà àti ìṣirò, ní èdè tó yé olùkọ́, kí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú lè rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí lójoojúmọ́. Ìwé lásán ni. Òótọ́ tí wọ́n sọ ṣáájú ló mú kí ó wúlò.

Ọgbọ́n tí kì í ná owó rárá ni kí a dá nǹkan dúró. Ẹ dá ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dúró láàárín ọ̀sẹ̀ lágogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀sán ni kí wọ́n máa ṣe é, tàbí kí ẹ fi fóònù ránṣẹ́. Ẹ dá fọ́ọ̀mù tó ń béèrè iye kan náà lẹ́ẹ̀mẹta dúró. Ẹ dá ọmọ tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ orin ìkíni-káàbọ̀ fún àlejò dúró. Olùkọ́ tó ń fọwọ́ da nóòtì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kọ nítorí alábẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí ó fi wákàtí yẹn máa wo iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ sì yẹ fáìlì àwọn olùkọ́ wò kí ọjọ́ ìgbéga tó pé: ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ojú ìwé kan tó sọnù ló ń dá olùkọ́ dúró sí ipò kan náà fún ọdún púpọ̀. Ẹ kò lè fi kún owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè rí i pé ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kò sọ nù lórí tábìlì yín.

Ọ̀rọ̀ mi tó kẹ́yìn pín sí méjì. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó yín máa tọ̀ yín wá tààrà. Àwọn olùkọ́ bá yín yọ̀, ẹ̀rù sì bà wọ́n, torí wọ́n rántí 1991. Lọ́dún náà ni wọ́n gbé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Owó oṣù dúró níbi púpọ̀, ìyanṣẹ́lódì tẹ̀ lé e, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi gbé àjọ tó ń bójú tó o padà ní 1993. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀. Kí owó olùkọ́ jáde kí òkúta ìpìlẹ̀ kankan tó wọlẹ̀.

Èkejì jẹ́ tiyín, ẹ̀yin akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ tó wà lórí àga báyìí. Ẹ má dúró de owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka olùkọ́ yín ní orí kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ orúkọ wọn mọ́ ìta níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, ẹ kọ ọjọ́ ìpadà sínú ìwé ẹni tó bá ń lọ sí oko, kí ẹ sì mú un padà lọ́jọ́ náà. Olórí tí olùkọ́ bá lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ yóò rí ẹni bá a ṣe ohun tuntun. Ẹni tí wọn kò bá gbà gbọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un ní owó Àbújá, àwọn kọngílá nìkan ni yóò gbádùn rẹ̀.